Iná Pápá Ìṣeré Ibafo

Nígbà tí Ògúnkànmí bíríkìlà kọjá lábẹ́ òpó iná nírọ̀lẹ́, tí iná náà kò tàn, ẹ̀rín ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rín. Ní pápá ìṣeré tuntun kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ibafo ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2008. Wọn ò fẹ́ fi iná ṣòfò níbẹ̀: bí èèyàn bá dé abẹ́ iná ló ń tàn, bó bá kúrò, á kú. Mùsáfírù, ọmọ Ìwó tó háyà yàrá ní Magboro, ló so gbogbo iná náà. Ó gun òpó náà, ó yẹ iná wò, kò rí àbùkù kankan. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kọjá, iná náà tàn kedere.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tírélà pa Ògúnkànmí ní òpópónà márosẹ̀.

Mùsáfírù kò sọ ohun tó rò nípa iná náà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ń kọjá níbẹ̀, á gbójú sókè títí ìmọ́lẹ̀ á fi tàn sí i lórí.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí pápá náà pé. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, èrò ti kún ìjókòó lọ́tùn-ún lósì. Apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Apá òsì, níbi tí Wòsílátù ìyàwó Mùsáfírù wà, ṣókùnkùn biribiri.

“Mùsáfírù, kí ló dé?” Ẹnjiníà Adébánjí, ọ̀gá rẹ̀, béèrè.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí àwọn èrò apá òsì sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí nídìí.”

“Torí iná?”

Mùsáfírù já maikí gbà lọ́wọ́ alága ètò, ó ní ejò wà lábẹ́ ìjókòó apá òsì. Àwọn èrò ibẹ̀ tú yáyá sórí pápá. Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń tẹ koríko ni iná ń tàn lé wọn lórí. Ó tàn lé Wòsílátù náà. Mùsáfírù sáré dì í mú, omi ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà náà ni òrùlé apá òsì han gooro, ó sì wó lulẹ̀ lé àwọn ìjókòó tó ti ṣófo.

“Ta ló sọ fún yín?” Wòsílátù béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́.

“Iná ni.”

Wòsílátù rí ìyá arúgbó kan tó ṣubú, ó lọ gbé e dìde. Bó ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ báyìí, òkùnkùn bo Mùsáfírù. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó jù wọ́n fìrìfìrì. Ó fò sókè. Iná kò tàn.

“Bàbá Nùsírátù, ẹ máa bọ̀,” Wòsílátù pè é láti inú ìmọ́lẹ̀. “Kí lẹ ń ṣe nínú òkùnkùn?”

“Mò ń bọ̀,” ó ní, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀.