Ilé Tí Aránṣọ Fi Ìlara Rà

Aránṣọ kan ń ṣẹ́ etí yẹ́rì láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báńkì ti gbà láti yá mi lówó ilé!"

Ẹnu lásán ni aránṣọ fi dúpẹ́. Ọmọ tó fẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n ló fẹ́ di onílé lójú ẹ̀!

"Ìwé ilé ọ̀hún dà?"

"Wọn kì í gbé ìwé kiri mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ìjọba ni orúkọ onílé wà. Lọ́yà báńkì á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti fi ilé náà yáwó. Tí ọwọ́ ẹni tó ń tà á bá mọ́, ọjọ́ tí owó bá jáde náà ni orúkọ mi máa wọlé síbẹ̀. Ti báńkì náà á wà níbẹ̀ títí n ó fi san gbèsè tán."

"Ilé inú kọ̀ǹpútà!" Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Àmọ́ kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ tó fi rí ọkùnrin kan tó ń ta ilé tó tóbi ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Ìwé ilé wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, òǹtẹ̀ pupa sì wà lára ẹ̀. Ọkọ aránṣọ ní kí lọ́yà bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò ná.

"Ẹ fẹ́ kí n máa lọ kí àbúrò mi nílé tuntun, kí n máa tẹjú mọ́ àjà ilé ẹ̀ àbí?"

Ó ta ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kó owó náà fún ọkùnrin ọ̀hún, ó sì gba ìwé.

Ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì mìíràn fi kanlẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó ta ilé yìí fún yín ti fi yáwó lọ́wọ́ wa, kò sì san án."

"Irọ́ ni! Ìwé ẹ̀ nìyí!"

"Ìwé àtijọ́ nìyẹn, mà. Àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ìjọba ni òfin ń tẹ̀ lé báyìí. Ká ní ẹ béèrè níbẹ̀ ni, orúkọ wa lẹ ò bá rí."

Nígbà tí aránṣọ pe ọkùnrin tó ta ilé náà, ó ti pa fóònù. Ọlọ́pàá gba ẹjọ́, ṣùgbọ́n báńkì gba ilé. Yàrá ẹ̀yìn nílé nọ́ọ̀sì ni aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ kó ẹrù sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Aránṣọ ò gbójú sókè. "Mo fẹ́ kí ìwọ náà wá kí mi nílé tèmi ni."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ má fi ìwé ọwọ́ ẹni tó ń tà á tẹ́ ara yín lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín wo àkọsílẹ̀ ìjọba. Tí orúkọ ayánilówó bá wà níbẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ títí wọn á fi yọ ọ́. Tí ìlara bá sì ń lé yín sáré, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná. Ká ní aránṣọ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ì bá ṣì ní ṣọ́ọ̀bù.