Ameerah àti Egungun Ṣáwá

Ameerah nìyí. Ìkòròdú ni ilé wọn wà.
Lónìí, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu Ameerah.

Ta ló ń bọ̀?
Màmá Ẹ̀pẹ́ ni! Ìyá Dádì ni Màmá Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni wọ́n ń tà létí ọ̀sà. Kò sì sẹ́ni tó mọ irun dì tó wọn láyé yìí. Ameerah ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Pí-ìn! Pí-ìn! Mọ́tò dé.
Ṣùgbọ́n kí lèyí? Wọ́n ti fi nǹkan funfun di ọwọ́ ọ̀tún Màmá Ẹ̀pẹ́. Ó le bí ògiri.
Màmá Ẹ̀pẹ́ ṣubú lẹ́yìnkùlé wọn. Gbàà! Egungun ọwọ́ wọn dá.

"Màmá, ṣé ó ń dùn yín?"
"Díẹ̀díẹ̀ ni, Àjọkẹ́ mi."
Àjọkẹ́ ni oríkì Ameerah. Màmá Ẹ̀pẹ́ nìkan ló ń fi pè é.

"Màmá, ta ló máa wá dirun Iléyá fún mi?"
Màmá Ẹ̀pẹ́ wo ọwọ́ wọn.
Àánú wọn ṣe Ameerah gan-an.

Dádì gbé ike oògùn kan sórí tábìlì. Kàrà-kàrà-kàrà!
Tábúlẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀. Ó funfun, ó sì tóbi.
"Kálísíọ̀mù ni," Dádì wí. "Òun ló ń mú kí egungun le. Ẹ máa lò ó láràárọ̀ o, Màmá."
"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Ameerah náà níṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń yọ egungun ẹja fún Màmá Ẹ̀pẹ́.
Ṣáwá ni ẹja tí Màmá fẹ́ràn. Háà, egungun ṣáwá pọ̀ bí irun orí!
Fà! Ọ̀kan jáde.
Fà! Òmíràn jáde.
Fà! Ó tún ku òmíràn.

"Ẹ máa jẹ ẹ́ báyìí, Màmá. Kò ní há yín lọ́fun."
"O ṣeun, Àjọkẹ́ mi."

Ta ló wá ń jẹ egungun?
Jàgùdà ni! Jàgùdà ni ológbò Ameerah. Ìwà rẹ̀ ló fi gba orúkọ.
Kẹ́rẹ́mù! Kẹ́rẹ́mù! Kẹ́rẹ́mù!
Ó jẹ egungun tán, ó fò. Fìrì! Ó ti dórí fèrèsé.
Fìrì! Ó ti dórí ògiri.

Màmá Ẹ̀pẹ́ ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n inú wọn kò gbà á.
Gúrú-gúrú-gúrú! Inú ń kùn.
Tẹ́ńtẹ́! Inú wú.
Ìgbẹ́ kò sì jáde.

Má rẹ́rìn-ín o. Ó ń dùn wọ́n.
Ó dáa, rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tó.

Lọ́jọ́ kan, Ameerah ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá Ẹ̀pẹ́.
Ó gbé pílò. Kàrà!
Tábúlẹ́ẹ̀tì! Wọ́n pọ̀ lábẹ́ pílò!

"Màmá! Ẹ ò lò wọ́n!"
"Ṣṣṣ! Rọra, Àjọkẹ́. Wọ́n ń jẹ́ kí inú máa run mí. Má sọ fún bàbá ẹ. Ó ń gbìyànjú lórí mi. Mi ò fẹ́ kí inú ẹ̀ bàjẹ́."

Ameerah lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Ó ronú.
Tí Màmá bá lò ó, inú á máa run wọ́n.
Tí Màmá ò bá lò ó, egungun wọn lè tún dá.
Ẹ̀rù ba Ameerah.

Jàgùdà dé. Egungun ṣáwá àná ló há sẹ́nu.
Kẹ́rẹ́mù! Kẹ́rẹ́mù! Kẹ́rẹ́mù!
Fìrì! Ó ti dórí ògiri.

Ameerah dìde fùú.
Jàgùdà ń jẹ egungun. Jàgùdà ń fò.
Màmá ò jẹ egungun. Ọwọ́ Màmá ò tíì san.
Ta ló sì ń yọ egungun náà kúrò?
"Yéè! Èmi ni!"

Ameerah bú sẹ́kún. Mọ́mì sáré jáde láti kíṣìnnì.
"Kí ló dé? Ta ló nà ẹ́?"
Ameerah sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti pílò. Ó sọ ti inú rírun. Ó sọ ti Jàgùdà.
Mọ́mì gbá a mọ́ra. "O ṣeun tó o sọ fún mi. Mi ò bínú rárá."

Ó di ọ̀dọ̀ Dókítà Fọláwùmí.
"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"
Màmá Ẹ̀pẹ́ sorí kọ́. "Ojú ló ń tì mí, Dókítà."

"Ẹ má tijú rárá," Dókítà wí. "Gbogbo inú kọ́ ló ń gba tábúlẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná. Kálísíọ̀mù wà nínú oúnjẹ. Ó wà nínú mílíìkì. Ó wà nínú wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà. Ó wà nínú ẹ̀fọ́."

Ameerah nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, egungun ṣáwá ńkọ́?"
"Ta ló sọ yẹn fún ẹ?"
"Jàgùdà ni mà. Ológbò mi."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí, omi bọ́ lójú wọn.
"Jàgùdà gbọ́n! Kálísíọ̀mù pọ̀ nínú egungun ẹja kéékèèké. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ há Màmá lọ́fun o."

Lálẹ́, Dádì ti ibi iṣẹ́ dé láti Èkó. Wọ́n sọ fún un.
Dádì kúnlẹ̀ ti Màmá Ẹ̀pẹ́. "Màmá, tí nǹkan bá ń dùn yín, ẹ máa sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́."
"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Mi ò ní fi pa mọ́ mọ́."

Ṣùgbọ́n báwo ni Màmá ṣe máa jẹ egungun, tí kò ní há wọn lọ́fun?
Ní ọjọ́ kejì, Mọ́mì ń lọ edé gbígbẹ ní bílẹ́ńdà. Vùù-ùn! Edé ti kúnná.
Ameerah fò sókè. "Mọ́mì! Ẹ jẹ́ ká lọ ṣáwá náà! Tegungun-tegungun!"

Mọ́mì yan ṣáwá títí ó fi gbẹ gan-an. Wọ́n kó o sínú bílẹ́ńdà.
Vùù...
Pàá! NEPA múná lọ.

"Áà, NEPA!"
"Ẹ má dààmú," Ameerah wí. Ó sáré gbé odó kékeré wá.
Màmá Ẹ̀pẹ́ fi ọwọ́ òsì di odó mú. Ameerah ń gún un.
Gbì! Gbì! Gbì!
Orí ń di lẹ́búlẹ́bú. Egungun ń di lẹ́búlẹ́bú.
Gbì! Gbì! Gbì!
Mọ́mì sẹ́ ẹ. Ó kúnná bí àtíkè.

Mọ́mì bù ú sínú ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná.
"Bísímílà," Màmá Ẹ̀pẹ́ wí. Wọ́n tọ́ ọ wò.
Ameerah ń wo ẹnu wọn.
"Háà! Àjọkẹ́ mi, ó dùn! Tún bù sí i!"

Láti ọjọ́ náà, Màmá ń mu ògì pẹ̀lú mílíìkì láàárọ̀.
Wọ́n ń jẹ wàrà lọ́sàn-án.
Ṣáwá gígún sì wà nínú ọbẹ̀ wọn.
Inú wọn kò kùn mọ́. Inú wọn kò wú mọ́. Ìgbẹ́ ńkọ́? Alhamdulilahi!

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Dókítà tú nǹkan funfun kúrò lọ́wọ́ Màmá Ẹ̀pẹ́.
"Egungun yìí ti so pọ̀," Dókítà wí. "Ẹ máa rọra lò ó."

Iléyá ku ọ̀la. Gbogbo wọn gba ọ̀nà Agbowa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Jàgùdà wà nínú apẹ̀rẹ̀, ó ń ráhùn.

Màmá Ẹ̀pẹ́ jókòó síta. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí ọ̀sà.
"Àjọkẹ́, wá jókòó síwájú mi. Mú òòyà wá."

Ọwọ́ òsì di irun mú. Ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí i.
Ó dúró.
Ameerah bojú wẹ̀yìn. "Màmá, ṣé ó ń dùn yín?"
"Rárá o. Mò ń wo ibi tí màá ti là á ni."

Ọwọ́ ọ̀tún tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀.
Ṣùkú ni! Ṣùkú gogoro!
Ayọ̀ kún inú Ameerah títí tí kò fi lè jókòó jẹ́ẹ́.
"Má mi orí!" Màmá wí.

Jàgùdà dé. "Nyáù? Nyáù?" Egungun ló ń wá.
Ameerah na ìka sí ọwọ́ tó ń dirun lórí rẹ̀.
"Wò ó, Jàgùdà. Màmá ti jẹ ẹ́ tán. Inú ọwọ́ yìí ló lọ."

Màmá Ẹ̀pẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ju orí ẹja kan fún Jàgùdà.
Kẹ́rẹ́mù! Kẹ́rẹ́mù! Kẹ́rẹ́mù!
Fìrì! Ó ti dórí ògiri.