Kíjìpá Tí Wọ́n Jí Gbé Jáde Ní Ọsibítù

Bí ìyá ọkọ bá dùbúlẹ̀ àìsàn ní ìdílé àwọn Ìbílọlá ní Ìwàrò-Ọ̀kà, ìyàwó ilé ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí Ìbílọlá, nígbà tó ti ọsibítù Ìkàrẹ́ tí wọ́n dá ìyá rẹ̀ dúró sí dé, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó na náílọ́nù dúdú kan sí Tẹjúmádé, ìyàwó àbúrò rẹ̀, nílé tiwọn.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá wa fọ aṣọ mọ̀ọ́mi."

Tẹjúmádé tú náílọ́nù wò. Kíjìpá aláró tí màmá fi ń bora ni, èébì àti ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn létí.

"Àǹtí mi, ṣé nọ́ọ̀sì ló ní kí ẹ máa gbé e bọ̀ wálé?"

"Nọ́ọ̀sì wo? Wọ́n láwọn máa dáná sun ún! Aṣọ tí ìyá mọ̀ọ́mi fọwọ́ ara wọn hun! Ta ní í sun aṣọ alààyè? Ṣé wọ́n ti kú ni?"

Oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú Tẹjúmádé. Ó gbé báàfù sẹ́yìn ilé, ó fi ọwọ́ lásán fọ aṣọ náà tónítóní, ó sì sá a sórí àpáta.

Ohun tí Ìbílọlá kò sọ fún un ni pé Nọ́ọ̀sì Habeebat ti pe òun sí kọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. "Ibà Lásà ni àyẹ̀wò fi hàn. Yàrá ọ̀tọ̀ la gbé wọn sí. Ẹ má fọwọ́ kan wọn, ẹ má sì mú ẹrù wọn kankan jáde." Ìbílọlá ní òun ti gbọ́. Bí nọ́ọ̀sì ṣe kẹ̀yìn báyìí, ó fa kíjìpá náà yọ nínú ẹrù tí wọ́n fẹ́ sun, ó fi há abíyá.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sí ilé Ìbílọlá, níbi tí màmá ń gbé kí àìsàn tó dé. Wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n lè máa yẹ ara wọn wò fún ọjọ́ mọ́kànlélógún.

"Ta ló tún fọwọ́ kan màmá, tàbí ẹrù wọn?"

"Èmi nìkan ni."

Ojú ló ń tì í láti jẹ́wọ́. Àbí irú ìtìjú wo nìyẹn!

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àbúrò rẹ̀, Ọlálẹ́yẹ, pè é lórí fóònù.

"Àǹtí, ara Tẹ́jú ń gbóná látàná, ọ̀nà ọ̀fun sì ń dùn ún. Kẹ́mísì ní ibà oyún lásán ni."

Ìbílọlá kò tiẹ̀ wá bàtà, ọ̀kadà ló gùn dé Ìkàrẹ́, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Nọ́ọ̀sì Habeebat, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.



"Màdáámú, aboyún? Aboyún lẹ gbé e fún?"

"Mo rò pé ọṣẹ máa fọ̀ ọ́ kúrò ni."

"Kó tó di pé ọṣẹ kàn án, ọwọ́ ti kàn án! Ara eku ni Lásà ti ń wá. Eku á tọ̀ sínú gàrí, á yàgbẹ́ sórí láfún tí a sá síta, a ó sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ ara èèyàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èébì rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e kiri. Kí lẹ rò pé a ń wọ ìbọ̀wọ́ fún?"

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lọ gbé Tẹjúmádé. Wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ó yè é. Oyún inú rẹ̀ kò dúró.

Nígbà tí ara màmá mókun, Ìbílọlá sunkún ròyìn fún un.

"Aṣọ wo?" ni màmá bi í.

"Kíjìpá yín, mà."

"Ìbílọlá, ṣé mo béèrè aṣọ lọ́wọ́ rẹ ni?"

Títí dòní, Ìbílọlá kò tíì lè wo ojú Tẹjúmádé dáadáa.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ bo gàrí àti láfún yín, ẹ má sá a síbi tí eku ń gbà. Ibà tí ẹ bá lo oògùn sí tí kò lọ, ọsibítù ni kí ẹ gbé aláìsàn lọ, kì í ṣe kẹ́mísì. Bí wọ́n bá ní ẹ má fọwọ́ kan aláìsàn tàbí aṣọ rẹ̀, ẹ gbọ́. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, ẹ dárúkọ gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn. Kò sẹ́ni tó máa tì yín mọ́lé nítorí pé ẹ sọ òótọ́. Aṣọ tó jóná, a lè hun òmíràn. Ọmọ Tẹjúmádé, ta ló máa hun ún?