Ẹni Tí Ó Dúró Lápá Òsì Kazue

Yìnyín inú ife ọkùnrin náà kò yọ́. Kazue ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, nítorí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn oògùn ní ilé ìwòsàn kan, ojú rẹ̀ kò sì lè ṣàì máa wo ohun tó bá wà nínú ìgò tàbí ife. Láti ìgbà tí òjò ọ̀sán ti bẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti jókòó síbẹ̀. Ọtí ànàmọ́ tí ó ń mu ti dín kù dé ìdajì, ṣùgbọ́n àwọn yìnyín inú rẹ̀ ṣì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí Hatsumi, obìnrin tó ni ilé ọtí náà, fi ẹ̀mú jù wọ́n síbẹ̀. Kazue sọ fún ara rẹ̀ pé yàrá náà tutù lónìí, ó sì gbójú kúrò.

Yàrá kan ṣoṣo ni ilé ọtí Hatsumi, lẹ́bàá odò Naka ní Fukuoka. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àwọn tó máa ń wá síbẹ̀ ni àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí orin rọ́ọ̀kì gba ìlú náà kan, tí kò sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí gìtá kò ti ń ké. Irun wọn ti funfun, etí wọn sì ti ń di. Wọn yóò fi àwo orin kan sí i, ẹnìkan yóò dìde, yóò sì sọ nípa alẹ́ kan tí ó lọ wo àwọn olórin nígbà èwe rẹ̀: ibi tí ó dúró sí, aṣọ tí ó wọ̀, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè bi í pé, "Ta ló wà lápá òsì rẹ?" Bí olùbéèrè náà bá wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì yóò jọ sọ ọ́.

Inú gbọ̀ngàn orin ni wọ́n ti mú ìbéèrè náà wá. Láyé ọjọ́un, kò sí àga níwájú ìtàgé. Ọ̀pá irin gbọọrọ kan ló wà níbẹ̀, tí àwọn tó tètè dé máa ń dì mú. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yóò so aṣọ ìnura rẹ̀ mọ́ irin náà, yóò sì lọ. Bí àlejò bá bèèrè bóyá àyè wà, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn pé, "Ẹnìkan wà níbẹ̀." Ọmọ Fukuoka kan kì í fi àyè ẹlòmíràn tọrẹ. Ẹni tó bá dán an wò, kò ní rí ẹni bá a ṣọ́ tirẹ̀ mọ́ láé.

Shigeki ló ni àyè tó wà lápá òsì Kazue. Ìdí irin yẹn ni wọ́n ti pàdé, lálẹ́ tí ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Irin Dógùn-ún ṣeré ní abẹ́ ilé ìtajà kan ní àdúgbò Tenjin. Kazue ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọjà ẹja Nagahama ni Shigeki ti ń ṣiṣẹ́, òórùn ẹja kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Kò mọ ìlù rárá. Nígbà tí gbogbo gbọ̀ngàn bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tirẹ̀ nìkan ni yóò dé lẹ́yìn, Kazue yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bí Minori, wọ́n sì jọ dàgbà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọkàn Shigeki dáwọ́ iṣẹ́ dúró láàárín ọjà, ó sì ti kú kí ìyàwó rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Shigeki kò fẹ́ràn fọ́tò. Ẹyọ kan péré ló wà lórí pẹpẹ ìrántí nílé, ìyẹn gan-an sì ṣú. Inú àwọn alẹ́ orin wọ̀nyẹn ni Kazue ti lè rí i dáadáa. Bí ó bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, yóò jókòó, yóò dijú, yóò lọ dúró nídìí irin, ọkọ rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀, yóò máa pàtẹ́wọ́ lódìlódì. Ìyẹn nìkan ni ohun tó kù fún un.

"Ó kàn ọ́, Kazue," ni Mizoguchi wí, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì. "Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tún sọ ti ọjọ́ tí bàtà rẹ sọnù. Bàtà yẹn ti rìn ju ọkọ̀ tí mo fi gbogbo ayé mi wà lọ."

"Ìwọ tí o máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ọtí á ti pa ọ́ kí wọ́n tó tan iná ìtàgé."

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Hatsumi wí, bí ó ti ń gbé ẹyin ẹja aláta síwájú wọn. "Ọmọdé ò tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu tó yín."

Kazue dìde. Ó ní alẹ́ àkọ́kọ́ ní Tenjin lòun fẹ́ sọ. Kí ó tó la ẹnu, ọkùnrin tí yìnyín rẹ̀ kò yọ́ yẹn gbórí sókè. Ojúgbà wọn ni. Ojú rẹ̀ dàbí ojú tí ènìyàn máa ń rí nínú ọkọ̀ tí kò sì ní rántí mọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyá," ni ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ta ló wà lápá òsì yín?"

Hatsumi gbé àwo dúró. Òun àti Mizoguchi ló ru pósí Shigeki pẹ̀lú àwọn ará ilé. Kazue wo àlejò náà. Ó ti sú u kí ó máa pe orúkọ yẹn kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa mi orí, kí wọ́n máa káàánú. Ó fẹ́ pa ọkọ rẹ̀ mọ́ fún ara rẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan," ni ó dáhùn. "Àyè ṣófo."

"Ẹ ṣeun," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá àyè."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń túká, Mizoguchi fa ọwọ́ aṣọ Kazue lẹ́nu ọ̀nà.

"O ò bá má sọ bẹ́ẹ̀. Shigeki lo sọ pé kò sí yẹn."

"Ó ti kú, Mizoguchi. Òkú kì í du àyè ìdúró."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kazue jókòó, ó sì dijú. Gbọ̀ngàn náà dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, pẹ̀lú èéfín sìgá, òógùn àti irin tútù lábẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n èjìká òsì rẹ̀ ń tutù. Ó yíjú. Ọkùnrin ilé ọtí náà ló dúró níbẹ̀, ní ọ̀dọ́, irun rẹ̀ gùn dé ọrùn, ó ń wo ìtàgé. Nígbà tí gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Tirẹ̀ kò pẹ́, kò sì yá.

Kazue lajú. Kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Ó mọ̀ pé ìrántí kì í ṣe fọ́tò, pé ojú tí ènìyàn rí lọ́sàn-án lè yọ́ wọ inú ohun tó ti pẹ́. Ó mu omi gbígbóná, ó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó yan alẹ́ mìíràn, èyí tí wọ́n ṣeré ní pápá lásìkò ooru. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ó ń fi aṣọ ìnura nu ọrùn fún un. Ó yan èyí tí ó fi oyún Minori lọ, tí Shigeki na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yí ikùn rẹ̀ ká kí èrò má baà fún un. Ọwọ́ méjì yí i ká lóòótọ́. Wọ́n jọ̀lọ̀, wọn kò ní òórùn kankan, wọ́n sì tutù. Ọmọ inú rẹ̀ yí padà, ó fi orí ti àtẹ́lẹwọ́ náà.

Nígbà náà ni ó dìde lọ síwájú pẹpẹ. Ó gbé fọ́tò tó ṣú yẹn sábẹ́ iná, ó wò ó títí, kò sì lè búra ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tètè lọ. Ó bá Mizoguchi àti ọkùnrin náà níbi tí wọ́n ti fi èjìká ti èjìká, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó ti dé," ni Mizoguchi wí. "Ọkọ rẹ ń sọ ti bàtà rẹ fún wa. Ó mọ̀ ọ́n sọ jù ọ́ lọ, ká má parọ́."

"Ọkọ mi?"

Mizoguchi ṣẹ́jú sí Hatsumi. "Màmá, ẹ tètè gbé ọtí wá. Wọ́n ti jà kí wọ́n tó kúrò nílé."

Kazue jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ta lẹ jẹ́?"

"Gbogbo alẹ́ wọ̀nyẹn ni mo wà níbẹ̀," ni ó wí. "Ìta ni mo wà, lẹ́yìn ògiri. Mo máa ń fi etí lé bíríkì títí ìlù náà á fi máa dún nínú eyín mi. Ẹnikẹ́ni tó bá jáde, màá bi í bóyá àyè wà. Ẹnìkan wà níbẹ̀, ẹnìkan wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ dá mi lóhùn."

"Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀." Ó mu díẹ̀ nínú ọtí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́."

"Mi ò ní kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ fún mi ní ẹyọ kan. Alẹ́ Tenjin nìkan."

Ọkùnrin náà rò ó bí ẹni tó ń ro ohun kékeré kan. "Ó dáa. Màá bọ́ síta. Bí ó bá dé, tí ẹ bá sọ fún un pé àyè ṣófo, kí ó dúró. Èmi ò ní bá a jà." Ó yíjú sí Hatsumi, ó sì fi sùúrù bẹ̀ ẹ́ kí ó bá àwọn fi Irin Dógùn-ún sí i.

Kazue dijú. Gbọ̀ngàn náà dé. Ọkùnrin náà kò sí lápá òsì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí. Aṣọ ìnura eérú kan ni ó so mọ́ irin kí ó tó lọ.

Shigeki sì ń bọ̀. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ gba àárín èrò kọjá, ó wọ bàtà rọ́bà gíga, ìpẹ́ ẹja kan lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere ju ti ìgbàkígbà lọ, gbogbo irun ojú rẹ̀ ṣeé kà. Ó dé ìdí irin. Ó tẹríba díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí," ni ó wí sí i létí nítorí ariwo. "Ṣé ẹnìkan wà níbí?"

Obìnrin tí ó ti di opó ń lọgun nínú ọmọbìnrin náà pé kó dúró, kó dúró, tirẹ̀ ni àyè náà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ọdún méjìdínlógún ni ẹnu náà. Kò tíì mọ ọmọ ọjà yìí rí, aṣọ ìnura sì wà lórí irin, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa sì ni.

"Ẹnìkan wà níbẹ̀," ni ó dáhùn.

"Ẹ má bínú," ni Shigeki wí. Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó padà sẹ́yìn, èrò sì bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún, gbàà. Kazue dúró de èyí tí yóò dé lẹ́yìn. Kò dé.

Nígbà tí ó lajú, abẹ́rẹ́ ti dé òpin àwo orin, ó ń họ. Ilẹ̀kùn ṣí, Minori sì wọlé pẹ̀lú agbòjò tó ń kán omi sílẹ̀. Kazue dìde lọ bá a. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, kò tíì jẹ́ kí ara rẹ̀ ronú pé ọmọ náà lè máà sí mọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí sá," ni Minori wí. "Mo pe fóònù títí, ọwọ́ ro mí. Ojú ọjọ́ yìí náà lẹ jáde láìmú nǹkan kan, Bàbá?"

Kazue di ọwọ́ aṣọ Minori mú. "Ìyẹn kọ́ ni bàbá rẹ. Bàbá rẹ ni…"

Orúkọ náà kò wá. Ó mọ bí ó ṣe gùn tó, ó mọ ibi tí ahọ́n ti máa ń kan òkè ẹnu bí ó bá ń pè é. Ó wá a sí gbogbo ibi tí ó máa ń wà. Minori dúró, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ kò le.

"Bàbá mi ni ta, Màámi?"

Hatsumi ń nu ife kan tó ti gbẹ. Mizoguchi ń wo ilẹ̀.

Minori yíjú sí ọkùnrin náà, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí a ti máa ń sọ ọ́ nígbà tí a bá rò pé etí àgbà kò gbọ́. "Bàbá, ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Má bá a jiyàn," ni ọkùnrin náà wí. Ó gba agbòjò lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì rọra di apá òsì Kazue mú. "Á ti gbàgbé ká tó délé."

Wọn kò tíì kọjá afárá odò Naka tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.