Omi Tí Wọ́n Ní Kí Abigail Mu

Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lo oògùn ọsibítù sí, kò sí ohun tó ń ṣe Joseph. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó mu ògì rẹ̀ tán, ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó fi ń ná Ọ̀jọ́ sí Àgbádárìgì, kò sì dìde lórí àga mọ́. Kó tó di ọ̀sán, ilé wọn ní Ìbà ti rí apààyàn: Abigail, ìyàwó rẹ̀.

"Oyún méjì ló bàjẹ́ lára ẹ. Ta ló jẹ wọ́n?" Rebecca, ẹ̀gbọ́n Joseph, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlá, pẹ̀lú sùtáànà ìjọ lọ́rùn rẹ̀. "Àwọn ẹyẹ tó ń bo igi asofẹ́yẹjẹ ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́ ńkọ́? Ìpàdé kí lẹ jọ ń ṣe?"

"Màmá, èso igi ni wọ́n ń wá jẹ," ni Abigail wí.

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Èso wo ló ń mú ẹyẹ ké bí ọmọ tuntun?"

Abigail wọlé lọ gbé fúláàsì tí ìyókù ògì àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Joseph yìí ni olólùfẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo láyé. Tí ọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín, ojú ọjọ́ a là lọ́kàn rẹ̀. Ó fa fúláàsì ògì náà lé Dàmọ́lá, ọmọ Rebecca, lọ́wọ́.

"Bọ̀dá ẹ ní ó korò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ló ń sọ ọ́. Jọ̀ọ́, bá mi wo ohun tó wà ńbẹ̀."

Iṣẹ́ Dàmọ́lá nìyẹn ní yunifásítì. Egbò asofẹ́yẹjẹ ló ń lọ̀, tó ń rẹ sínú ọtí, tó ń yọ àwọn èròjà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi mọ èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wẹ òkú. Àṣà ìdílé wọn ni pé opó tí wọ́n bá fura sí yóò mu nínú omi tí wọ́n fi wẹ òkú; bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Abọ́ ọ̀hún wà nílẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti ṣú, ìfófó ọṣẹ dì sí i létí, irun àyà òkú léfòó lójú rẹ̀, eṣinṣin ń bà lé e, wọ́n ń fọwọ́ ra ọwọ́. Ó ń rùn bí ẹran tó ti rà. Àwọn obìnrin ilé di Abigail mú lápá, wọ́n gbé abọ́ sún mọ́ ètè rẹ̀.

"Ẹ gbé e kúrò!" Dàmọ́lá bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ń mí helehele. "Mo ti fi ògì yẹn wé èròjà tí mo yọ. Mo kán méjèèjì sórí pátákó ìdánwò kan náà. Ibì kan náà ni wọ́n gùn dé, àwọ̀ kan náà ni wọ́n tàn lábẹ́ iná. Egbò asofẹ́yẹjẹ ló wà nínú ògì. Ó pàdé oògùn ọsibítù lára Bọ̀dá Joseph, ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ jù."

"Ẹ ò rí i? Ìyàwó ló gbé e fún un!" ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ké.

Ohùn Dàmọ́lá rẹlẹ̀. "Egbò tí mo lọ̀ sínú ìgò ní yàrá mi ti dín. Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ń ro ògì."

Rebecca jókòó gbì sílẹ̀. "Joseph ò gbà kí n fún òun lágbo. Ìwọ lo sọ fún mi pé egbò yẹn dáa fún BP. Ṣíbí kan péré láràárọ̀... Mo fẹ́ kí àbúrò mi pẹ́ láyé ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Àjẹ́ gan-an rèé!" Ẹnu tó ń bú Abigail ti yí padà. Wọ́n fún Rebecca lọ́rùn, wọ́n gbé abọ́ tọ̀ ọ́. "Ìwọ ni wàá mu ún!"

Abigail já apá rẹ̀ gbà. Ó wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ta abọ́ náà nípàá. Omi fọ́n sí gbogbo wọn lẹ́sẹ̀.

"Yéè! Omi òkú!" Wọ́n fò sókè, wọ́n ń tutọ́, wọ́n ń ti ara wọn lulẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ẹnìkan ń ké pé kí wọ́n bá òun wá Ìzàl tí òun máa fi fọ ẹsẹ̀.

"Ẹ rọra o, ẹ̀yin ìyá mi," ni Abigail wí. "Ṣebí ẹ ní tọ́wọ́ èèyàn bá mọ́, kò ní í ṣe é ní nǹkan kan."