Kí Lẹ Ń Bẹ̀ Mí Fún?

Òjò ló lé Chukwuyem wọ ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀bámi lójú ọ̀nà Tòkunbọ̀, àmọ́ òjò kọ́ ló gbé e jáde nílé. Ó fi ọ̀rá wé fọ́tò kan, ó tún fi ìwé ìròyìn wé ọ̀rá náà, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sìsí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń tún fọ́tò àtijọ́ ṣe."

"Èmi ni. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Fọ́tò náà ti ya sí méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó ró aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀.

"Ta ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Bàbá tó bí bàbá mi. Ìyá àgbà mi ló ní kí n gbé e wá."

"Ọdún wo ni wọ́n kú?"

"Ọdún 1967. Wọn ò kú o. Wọ́n pa wọ́n ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ayọ̀bámi wí. "Ṣé kí n fi àwọ̀ sí i? Àwọn oníbàárà fẹ́ràn àwọ̀."

"Rárá. Ẹ jẹ́ kí aṣọ yẹn funfun."

Kí fọ́tò náà tó parí, Chukwuyem ti padà wá nígbà mẹ́rin. Nígbà kẹrin, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni, pé òun kúrò níbi iṣẹ́ ní Oníkan, òun ń lọ sílé ní Ọbáléndé.

Ayọ̀bámi bú sẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, ta ló ń gba Tòkunbọ̀ láti Oníkan lọ Ọbáléndé? Ọ̀nà Ọbáléndé kọ́ rèé o."

"Mo mọ̀. Ọ̀nà ọkàn mi ni."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọdún tó yí po, Ayọ̀bámi ti di "Ayọ̀ mi", Chukwuyem náà ti di "Yem mi", wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́.

Ayọ̀bámi ò ní ìyá, kò ní bàbá mọ́. Bàbá àgbà rẹ̀, Pa Káyọ̀dé, ló tọ́ ọ nínú ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bàbá Sójà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ ìtàn ogun lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, níbi tó ti ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, ohùn tó máa ń mú kí bẹ́ńṣì gbọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ń jẹ ìrẹsì. Ayọ̀bámi ní, "Bàbá, Umuoshimili ni ìlú Yem o. Ìlú kékeré kan létí Odò Ọya."

Bàbá àgbà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Tún orúkọ ìlú yẹn pè."

"Umuoshimili. Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo débẹ̀ rí."

"Nígbà ogun? Ṣé ẹ jà níbẹ̀ ni?"

Bàbá wo àwo oúnjẹ títí. "Lọ́jọ́ yẹn," ló wí, "kò sí ogun níbẹ̀."

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Láti ọjọ́ náà, kò kọrin mọ́.

Ẹ̀rù wá wọ ọmọbìnrin náà lára bí òtútù. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ a já. Bí Yem bá rẹ́rìn-ín sí i, inú rẹ̀ a bàjẹ́. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn ọjọ́ mẹ́sàn-án náà sì gùn ju ọdún lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó pè é síbi àga kan lábẹ́ igi nítòsí mùsíọ́mù ní Oníkan.

"Yem, bàbá àgbà mi wà lára àwọn sójà tó wọ ìlú yín."

"Lọ́jọ́ wo?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n pa àwọn èèyàn yín, tí ẹ máa ń ṣe ìrántí rẹ̀."

Yem kò pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ Ayọ̀bámi. "Ìwọ lo tún ojú wọn ṣe, Ayọ̀."

"Mo mọ̀."

"Mi ò lè fi í pamọ́ fún Màmá."

Ó dìde, ó lọ. Kò dì mọ́ ọn bó ti máa ń ṣe.

Màmá Obiageli, ìyá àgbà Yem, ti dé Èkó láti ìgbà tí ogun parí. Aṣọ ló ń tà, Ọbáléndé ló ń gbé, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Iṣẹ́ tó rán Yem sí Ayọ̀bámi kò gùn: "Sọ fún un pé mi ò bá a jà. Àmọ́ kí wọ́n wá bẹ̀ mí, kí wọ́n tó wá mọ̀ mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ bẹ Màmá, Ayọ̀bámi ṣí Bíbélì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ìtàn àwọn ará Gíbéónì tí Sọ́ọ̀lù pa. Dáfídì, tí kò sí lára àwọn tó pa wọ́n, ló lọ bi wọ́n pé kí ni kí òun ṣe fún wọn. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn: ọba kan ti gba ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba mọ́ra rí! Ó kà á síwájú. Ọmọkùnrin méje nínú ilé Sọ́ọ̀lù ni wọ́n béèrè láti pa. Ó pa Bíbélì dé kíá. Bí Màmá bá kọ ẹ̀bẹ̀, ta ni yóò pàdánù nínú ilé tiwọn bí kò ṣe òun?

Bùọ̀dá Bọ́lájí, àbúrò bàbá rẹ̀, ló kó wọn lọ: àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta, apẹ̀rẹ̀ èso kan, àti Ayọ̀bámi lẹ́yìn. Bàbá àgbà kò bá wọn lọ. Bí wọ́n ti wọlé, gbogbo àwọn ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, a wá bẹ̀ yín ni. Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe. Ẹ má wo ti ẹ̀yìn."

Màmá Obiageli, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi gèlè dúdú wérí, wò wọ́n nílẹ̀. "Kí lẹ ń bẹ̀ mí fún?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ogun ni, Màmá."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ara wọn ni wọ́n ń wò.

"Mo ti gbé láàrin yín fún ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta," ni Màmá wí. "Mo mọ ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹ ó kó èèyàn jọ, ẹ ó dọ̀bálẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tí yóò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹni tó kó owó àjọ jẹ lẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kì í ṣe owó àjọ."

Bùọ̀dá Bọ́lájí jókòó, ara ti ń ta á. "Màmá, ẹ má bínú o. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ogun láyé yìí? Òyìnbó fi ìbọn ńlá jó Ìsàlẹ̀ Èkó níjọ́ ogun Àgídíngbì. Ìjọba wọn ha wá dọ̀bálẹ̀ fún wa bí?"

"Ṣé ó dùn yín pé wọn ò wá?"

Bọ́lájí wo apẹ̀rẹ̀ èso náà. "Ó dùn wá."

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbé èso yín."

Wọ́n padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ayọ̀bámi lọ tààrà sí yàrá bàbá àgbà, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n ń wá."

"Ìjọba ló rán wa, ọmọ mi. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Kí ìjọba lọ bẹ̀bẹ̀."

"Ìjọba ò ní ọmọ ọmọ tó fẹ́ lọ sílé ọkọ, Bàbá."

Ó mú ẹ̀dà fọ́tò tó tún ṣe, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó sì jáde. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá bàbá ní pálọ̀, ó ti múra, ó ti wọ bàtà. Fọ́tò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mú mi lọ sí Ọbáléndé."

Yem ló ṣílẹ̀kùn. Òun àti Ayọ̀bámi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò fọwọ́ kan ara wọn. Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má dọ̀bálẹ̀," ni Màmá wí. "Ojú yín ni mo fẹ́ rí."

Bàbá nàró. "Wọ́n ń pè mí ní Káyọ̀dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Èmi wà lára àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn. Mo ní kí àwọn ọkùnrin jáde wá kí wa káàbọ̀, pé àlàáfíà ti dé. Wọ́n gbà wá gbọ́. Wọ́n ró aṣọ funfun, wọ́n ń jó bọ̀. A tò wọ́n sórí pápá. Ọ̀gá wa pàṣẹ, mo yìnbọn. Mi ò mọ ẹni tí ìbọn mi bà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo ti ń sọ fún Ọlọ́run pé bóyá kò ba ẹnì kankan. Irọ́ ni mò ń pa fún Un. Wọn ò ṣẹ̀ wá. Wọn ò mú ohun ìjà lọ́wọ́. Àwa la pa wọ́n. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín."

Ayọ̀bámi ń gbàdúrà, àmọ́ ọ̀rọ̀ àdúrà kò wá sẹ́nu rẹ̀, "Jésù, Jésù" nìkan ló ń wí.

"Ta lẹ bẹ̀rù lọ́jọ́ náà?" ni Màmá béèrè.

"Ẹni tó rán wa."

"Ẹni tó rán yín ti kú. Èmi tí ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà fún rèé, mo wà láàyè." Ó na ọwọ́, ó gba fọ́tò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún èèyàn. Òní lẹnì kan kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi."

Ó nu ojú rẹ̀. "Mo gba tiyín. Ti ìjọba ṣì wà nílẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti pa wọ́n, nítorí náà, tó bá di oṣù kẹwàá, ẹ wá sọ ọ́ ní gbangba."

"Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí mi sí, n óò wá."

Ọlọ́run dá a sí. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Umuoshimili. Lórí pápá náà, níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n gbé àga onígi kan sí. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń gbé e síbẹ̀ fún ẹni tí ìjọba yóò rán wá bẹ̀bẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó jókòó sí i rí. Bàbá àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ pátá, Yem ń túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan bínú jáde. Obìnrin kan ké.

Nígbà tó parí, ó nawọ́ sí àga náà láti jókòó.

"Ẹ má jókòó síbẹ̀," ni Màmá Obiageli wí. "Kì í ṣe tiyín."

Àmọ́ Màmá ń sún díẹ̀díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì tirẹ̀.

"Ẹ wá jókòó síbí. Àyè gbà wá."

Nígbà tí èrò túká lórí pápá, Yem béèrè bóyá kí òun gbé àga náà wọlé, nítorí òjò ṣú.

"Fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. "Òjò ti ń pa á tipẹ́."

Nínú oṣù Kérésìmesì ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Èkó. Aṣọ funfun tí wọ́n hun ní Umuoshimili ni Màmá fi bo èjìká Ayọ̀bámi, ó ní kí ó má jẹ́ kó dọ̀tí. Bí ìjọ ti dìde kọ orin, ohùn ìsàlẹ̀ kan dún láti iwájú, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ó sì mú kí bẹ́ńṣì gbọ̀n.

Yem tẹ orí sétí Ayọ̀bámi. "Ìyàwó mi, ọ̀nà wo la gbà débí?"

Omi ń bọ́ lójú Ayọ̀bámi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà Ọbáléndé ni, olówó orí mi. Ó kàn jìnnà ni."