Ìka Mẹ́ta Tó Dákẹ́

"Kúrò níbẹ̀," ni àǹtí rẹ̀ wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé tó ń kà. "Oníbàárà ni mo ṣe káńtà yẹn fún, kí wọ́n máa dúró kọ̀wé lórí ẹ̀. N ò ṣe é fún kọ̀ǹpútà."

Ìka-Iná ò kúrò. Àpótí kúkúrú ló jókòó lé, káńtà sì ga dé àyà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè bíi ti ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, ọrùn ọwọ́ sì tẹ̀ mọ́ etí pákó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni káńtà wà, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àǹtí yìí, àbúrò ìyá rẹ̀, ló sì ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà. Bí ọmọbìnrin yìí bá ń tẹ̀wé, ẹ ó rò pé yìnyín ló ń bọ́ sórí páànù. Ajá tó sùn sí òdìkejì òpópónà á dìde, á kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan dúró wò ó títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi ọkùnrin náà.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn akọ̀wé kóòtù ń wá. Ìdánwò kan ṣoṣo ni: ogún ìṣẹ́jú, kí èèyàn tẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n máa mú. Ó ku oṣù mẹ́fà, Ìka-Iná sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé òun ti wọlé, kí wọ́n máa bá ara wọn du ipò méjì tó kù.

Gíláàsì, ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ kan tó ń lo awò ojú, máa ń wá fi kọ̀ǹpútà kejì dánra wò. Tábìlì kúkúrú ni tirẹ̀. Bí ogún ìṣẹ́jú bá ti pé, á dìde, á ju apá síwá sẹ́yìn, á yọjú wo òpópónà, kó tó padà jókòó.

"Bàbá àgbà," Ìka-Iná á ní, "ṣé kí n bá yín wá ọ̀pá?"

"Mú méjì wá," Gíláàsì á dáhùn. "Ìwọ náà ò ní pẹ́ lò ó."

Nígbà tó ku oṣù mẹ́rin, Ìka-Iná jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún òun ti kú tipiri: àtàǹpàkò, ìlábẹ̀ àti ìka àárín. Ó gbọn ọwọ́ náà títí. Nígbà tí wọ́n jí, ńṣe ló dà bíi pé èèrà ń tò kọjá lábẹ́ awọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ló sùn lé e.

Lọ́jọ́ kejì kò sùn lé e, èèrà sì padà wá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kó ẹbí wọn dání.

Kò pẹ́ tí ìrora fi ń sáré láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wá báńdéèjì, ó fi dì í le, ó sì fi aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn bò ó. Lọ́jọ́ kan ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ pé ife ti kúrò lọ́wọ́ òun àfi ìgbà tó gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Kò sí, Màámi. Ife yẹn ló ń yọ̀."

Gbígbẹ ni ife náà gbẹ.

Àǹtí ló rí báńdéèjì náà nígbà tó ku oṣù kan. Ó tú u. Ìlà pupa kan la ọrùn ọwọ́ náà kọjá, bí ojú okùn lọ́rùn ewúrẹ́.

"Látìgbà wo?"

"Àǹtí, kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Ẹnu àáké lò ń sọ. Ọwọ́ tó di àáké mú ńkọ́?" Àǹtí fà á lọ sídìí tábìlì kúkúrú. "Ìgbọ̀nwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ bá tábìlì dọ́gba. Kí ọrùn ọwọ́ nà tààrà, kó má fara ti etí nǹkan. Kí o sì máa dìde. Àmọ́ ní báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kíbọọ̀dù. Lọ́la a máa lọ rí dókítà."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdánwò tán ná, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́. N ò ní lo káńtà mọ́, mo búra."

Àǹtí gbà. Òun náà ṣì ń bá ara rẹ̀ wí nítorí gbígbà yẹn.

Gbogbo ìgbà tí Àǹtí bá gbé iṣẹ́ jáde lọ fún oníbàárà ni Ìka-Iná ń padà sórí àpótí rẹ̀. Ńṣe ló tún ń di báńdéèjì náà le sí i.

"N ó sọ fún àǹtí rẹ," ni Gíláàsì wí.

"Sọ ọ́. Kí gbogbo kíláàsì mọ̀ pé ẹ̀rù mi ló bà ọ́."

Gíláàsì padà sídìí tábìlì rẹ̀, kò sì sọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìró kíbọọ̀dù gba inú iyàrá kan. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó yára tó Ìka-Iná. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, ó gbójú sókè. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kún ojú kọ̀ǹpútà, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, ó sì ń gùn sí i. Ìka rẹ̀ ló sùn lórí bọ́tìnì, kò sì mọ̀. Ó ní kí ìka náà dìde, kò dìde. Ọwọ́ òsì ló fi gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò, bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

"Ṣé o ti parí ni?" ni olùdarí ìdánwò bi í.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún náà sí i kó wò ó.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní kó di ojú. "Ìka wo ni mo fọwọ́ kàn?"

"Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn mí."

Ìyá rẹ̀ wo abẹ́rẹ́ tí dókítà tẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò ọmọ rẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri.

"Iṣan ìmọ̀lára kan ló gba ọrùn ọwọ́ kọjá," ni dókítà wí. "Ọ̀nà rẹ̀ tóóró, ẹ sì ti fún un pa. Ká ní ìgbà tí ìka kọ́kọ́ kú lẹ wá, ìsinmi ì bá tó o. Ní báyìí a máa ṣiṣẹ́ abẹ láti la ọ̀nà náà. Ìmọ̀lára tó bá máa padà á padà. N ò lè bá yín ṣèlérí."

Gíláàsì wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n mú. Ó wá kí i. "Ó yẹ kí n ti sọ," ló ní.

"Èmi náà, ó yẹ kí n ti gbọ́."

Ara kì í kọ́kọ́ pariwo, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ń fi ìfọ́nnu dá a lóhùn, òun ló ń bá ọwọ́ ara rẹ̀ ṣọ̀tá. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ máa dìde kó tó rẹ̀ yín, ẹ sì sọ fún àgbà lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ kú. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, ìka àárín ọmọbìnrin náà ti jí, ìlábẹ̀ náà ti ń jí. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń bá a de bọ́tìnì aṣọ ilé-ìwé, àwọn méjèèjì á sì jọ máa wo àtàǹpàkò tí kò tíì mira.